Áàpù tó fẹ́ gba ìtẹ̀ka àgbẹ̀: ká gbà á ni, àbí ká dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú kan ní Ìsánlú. Ilé-iṣẹ́ kan gbé áàpù wá: yóò ya àwòrán oko wa, yóò gba ìtẹ̀ka wa, ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) inú rẹ̀ ni yóò sì máa sọ ẹni tí wọ́n lè yá lówó. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká tọwọ́ bọ̀wé kíá. Àwọn àgbà ní ká jẹ́ kí àwọn ará Kàbà kọ́kọ́ lò ó ná. Ti ta ni ká gbọ́?

Ìdáhùn: Òkun o, akọ̀wé. Ẹ má gba ti ẹnì kankan nínú wọn tán.

Àwọn baba wa ní kékeré la ti ń pẹ̀kàn ìrókò. Òótọ́ ni, àmọ́ nígbà tó ṣì kéré, ta ló mọ̀ pé ìrókò ni? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ̀rọ tuntun wà. David Collingridge, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, là á yé wa ní 1980: nígbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tuntun, ó rọrùn láti yí i padà, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ibi tí yóò ti buni jẹ. Ìgbà tí a bá fi máa mọ̀, ó ti wọ ayé lára. Ẹ wo òjé tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù nígbà kan. 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1924, ó ti pa lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é. Síbẹ̀, 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, tó jáwọ́ nínú rẹ̀ fún ọkọ̀.

Nítorí náà, ìfura àwọn àgbà dára, ìdúró wọn ni kò dára. Lónìí, ilé-iṣẹ́ náà ló ń wá yín. Bí gbogbo Kàbà bá ti gbà á, ìwé tí ẹlòmíì ti fọwọ́ sí ni wọn yóò kàn nà sí yín.

Ẹ fi ogún ènìyàn bẹ̀rẹ̀, fún sáà kan péré. Kí ẹ sì dán an wò: ẹ mú ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń san gbèsè, kí áàpù dá ẹjọ́ tiwọn láìjẹ́ pé ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un. Ẹ wo opó tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Nínú àwòrán, igbó lásán ni. (Ẹ sì fi Yàgbà, èdè ìlú yín, bá a sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò gbọ́.)

Ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ má gbé e jù sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń de ènìyàn mọ́lẹ̀, ohun àtijọ́ tí a ti sọ nù ni kò jẹ́ ká lè padà.

Ní ti òfin, Òfin Ìdáàbòbò Dátà (ìsọfúnni nípa ènìyàn) ti Nàìjíríà, ti 2023, fún yín láyè láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ ti gbà, àti láti kọ̀ kí ẹ̀rọ nìkan dá ẹjọ́ ńlá lé yín lórí. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó lójú tó nímú, tí ẹni tí wọn kò yá lówó lè lọ bá. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìtẹ̀ka ṣe. Ẹ lè yí nọ́ńbà àṣírí padà, ẹ kò lè pààrọ̀ àtàǹpàkò.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, àwọn àgbà borí nìyẹn, kí ilé-iṣẹ́ náà máa lọ sí Kàbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, kí ẹ ti fi àwọn ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí àwọn ará Kàbà.