Ṣé oògùn oníhóró lè gba ẹni tó ń yan gààrí lọ́wọ́ èéfín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn wa. Gààrí ni mò ń yan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọkùnrin kan kiri oògùn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní "antioxidant" ni, pé kò ní jẹ́ kí èéfín igi ba ara wa jẹ́. Ó wọ́n o. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ má rà á.

Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ nípa èéfín. Èéfín igi ń kó àwọn ègé kan wọ ẹ̀dọ̀fóró, ègé tí ara wọn kò balẹ̀, tí wọ́n ń já nǹkan gbà lára ohunkóhun tí wọ́n bá kàn. Bí wọ́n bá kan DNA, ìyẹn ìwé tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó mọ iṣẹ́ tó máa ṣe, wọ́n lè ba lẹ́tà kan jẹ́: G tó yẹ kó so pọ̀ mọ́ C á lọ so mọ́ A. Ara ń tún èyí ṣe lójoojúmọ́, ẹ má fòyà. Ìgbà tí ìbàjẹ́ bá ń ju àtúnṣe lọ ni jẹjẹrẹ lè rí àyè.

Ti oògùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin amusìgá tó lé ní 29,000 jọ, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní beta-carotene 20 mílígíráàmù lójúmọ́. Ọ̀kan lára àwọn antioxidant ni beta-carotene, ìyẹn àwọn ohun tó ń mú kí ara àwọn ègé yẹn balẹ̀. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Èéfín igi kì í ṣe sìgá, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀dọ̀fóró yín dán an wò.

Carotene yìí kan náà ló mú epo pupa pọ́n, kò sì sí ewu nínú ìwọ̀n tó wà nínú ìkọ́kọrẹ́ yín. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí epo pẹ́ lórí iná títí pupa rẹ̀ á fi ṣí. Ẹ jẹ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ẹ mu ọsàn. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ pẹ́, tí a da omi rẹ̀ nù, fítámì C rẹ̀ ti bá omi lọ.

Owó oògùn náà, ẹ fi tún ààrò ṣe. Ẹ mọ ògiri yí i ká, kí ẹnu ibi tí ẹ ti ń ki igi wà lẹ́yìn ògiri, kí ihò èéfín sì yọ lókè òrùlé. Igi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa dá. Ẹ má pọn ọmọ dé ibẹ̀ rárá. Bí ikọ́ bá sì wà tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí.