Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Títún Ìkànnì Irinṣẹ́ Àyẹ̀wò Sọ́fítíwíà Ṣe

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wá ní Agbowó, nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. A ń yọ̀ǹda ara wa fún irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò sọ́fítíwíà, èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe. Àwọn tí ó ń bójú tó o ti gbà pé kí a tún ìkànnì rẹ̀ ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń débẹ̀, wọ́n sì ń lọ láìlo irinṣẹ́ náà. Àwọn kan nínú wa ní kí a pa àwọ̀ rẹ̀ dà, kí a sì fi fídíò sí iwájú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àlàyé ni kò tó. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? — Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Agbowó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àwọ̀ ló yẹ kí ó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfikún àlàyé. Ohun tí ẹni tí ó bá dé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń wá ni pé kí àyẹ̀wò kan ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òun kí sùúrù òun tó tán, èyí sì ni kí ẹ fi díwọ̀n gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ yí padà.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tí kò lo irinṣẹ́ yìí rí, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Agbowó kún fún irú wọn: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kóòdù bíi Python tàbí JavaScript, tí ó mọ kóòdù díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ àyẹ̀wò kankan. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, pé kí ó ti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ibi tí àyẹ̀wò rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe tọ́ka sí nǹkan kan fún un, ẹ má sì ṣàlàyé, bí ó ti wù kí ó máa dùn yín tó láti ràn án lọ́wọ́. Ẹ máa wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró, ibi tí ó ti padà sókè láti tún gbólóhùn kan kà, àti ibi tí ó ti fi ìkànnì yín sílẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ Google. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìkànnì yín ti já a kulẹ̀. Ẹ kò nílò ogunlọ́gọ̀ ènìyàn: Jakob Nielsen, ọ̀kan lára àwọn àgbà nínú iṣẹ́ mímú kí ìkànnì rọrùn láti lò, ti kọ ọ́ láti ọdún 2000 pé ènìyàn márùn-ún ti tó láti fi rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń dí àwọn aṣàmúlò lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti tún ohun tí ẹ rí ṣe, ẹ pe ènìyàn márùn-ún mìíràn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ojú ìwé àkọ́kọ́ yóò wà lára ohun tí wọn yóò bá yín wí lé lórí. Ọ̀pọ̀ irú ìkànnì báyìí ni yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé irinṣẹ́ àwọn yá, pé ó lágbára, pé ó bá ìgbà mu, tí kò sì ní sọ ohun tí ó ń yẹ̀ wò. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dé ọjà Gbági, tí pátákó ìsọ̀ kan ní ọjà àwọn dára jù, ṣùgbọ́n tí kò sọ bóyá àdìrẹ ni wọ́n ń tà tàbí léèsì. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò kì í ṣe oríṣi kan. JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma bẹ̀rẹ̀, wà fún yíyẹ àwọn ègé kóòdù Java wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Selenium, tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, máa ń darí búráúsà, ìyẹn ètò bíi Chrome tí a fi ń wo ìkànnì, bí ẹni pé ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́. Apache JMeter sì máa ń rọ iṣẹ́ lé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, lórí láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀kan nínú wọn kò ní fi èkejì ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí tiyín ń yẹ̀ wò àti èdè kóòdù tí ó ń gbọ́, kí ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀ wà níbi tí ojú ti lè tètè rí i, kí àṣẹ tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsí pé ènìyàn ń tẹ líǹkì mẹ́ta kí ó tó rí i.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí àpẹẹrẹ kóòdù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti náwó nára jù lọ. Àpẹẹrẹ máa ń bàjẹ́ láìpariwo. Irinṣẹ́ yóò yí padà, ojú ìwé kò ní yí padà, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Selenium. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àṣẹ find_element_by_id ni àwọn tí ń lo Python fi ń wá nǹkan lórí ojú ìwé. Ní ẹ̀dà 4.3, tí ó jáde ní ọdún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, find_element pẹ̀lú By.ID ló sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá da àpẹẹrẹ àtijọ́ kọ lónìí, ohun tí kọ̀ǹpútà yóò sọ fún un ni pé WebDriver, ìyẹn apá Selenium tí ń darí búráúsà, kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àgbà inú iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ẹ̀dà ló yí padà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé òun ni kò gbọ́n. Bákan náà, láti ẹ̀dà 4.6 tí ó jáde ní ọdún 2022 kan náà, Selenium fúnra rẹ̀ ti ń wá awakọ̀ (driver), ìyẹn ètò kékeré tí ó so ó pọ̀ mọ́ búráúsà, èyí tí ó bá búráúsà náà mu, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àlàyé káàkiri ayélujára ṣì ń rán ènìyàn lọ wá chromedriver, awakọ̀ ti Chrome, fúnra wọn, tí wọn yóò máa fi ẹ̀dà rẹ̀ wé ti Chrome, tí wọn yóò sì máa jó dátà tí wọ́n fi owó ara wọn rà.

Oògùn rẹ̀ wà, irinṣẹ́ yín sì jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ àpẹẹrẹ kóòdù tààrà sójú ìwé mọ́. Ẹ fi í sínú fáìlì tí ó lè ṣiṣẹ́, kí ojú ìwé máa fà á yọ láti ibẹ̀, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ pé nígbàkigbà tí kóòdù irinṣẹ́ náà bá yí padà, gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí yóò ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà, kí àyípadà náà má ṣe wọlé títí ẹ ó fi tún un ṣe. Àwọn tí ó ń bójú tó Selenium ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú àlàyé wọn. Python ní doctest tí ó lè ṣe irú rẹ̀, GitHub Actions, tí ń mú kí àyẹ̀wò máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì GitHub tí a ń kó kóòdù sí, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba bí ẹ bá lo irú ẹ̀rọ wọn tí ó wà fún gbogbo ènìyàn. Irinṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò kò gbọdọ̀ ní ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fo. Àyẹ̀wò tí ó yege, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dán, nìkan ni irú àwọn ìkànnì wọ̀nyí máa ń fi hàn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó kùnà ni ẹni tí ó ń lo irinṣẹ́ náà yóò máa bá pàdé lójoojúmọ́, nítorí ìdí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí ó yege, ẹ ní kí òǹkàwé yí nọ́ńbà kan padà kí ó lè kùnà, kí ẹ wá fi ohun tí yóò rí hàn án ní ìlà kọ̀ọ̀kan: èwo ni ó sọ ohun tí a retí, èwo ni ó sọ ohun tí a rí, èwo ni ó tọ́ka sí fáìlì àti ìlà tí ọ̀ràn ti wá.

Ní ti àwọ̀, ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí lẹ́tà hàn dáadáa. WCAG, ìlànà àgbáyé tí ó wà kí gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn aláàbọ̀ ara, lè lo ìkànnì, béèrè pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1, lẹ́tà eléérú ṣíṣì tí àwọn ayàwòrán ìkànnì fẹ́ràn kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fídíò dúró títí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Google dámọ̀ràn pé kí ohun tí ó tóbi jù lójú ìwé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí nírọ̀lẹ́ ní Agbowó.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ mi wà lára àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì ní kí n wá bá àwọn ṣe é. Èmi kò mọ kóòdù kọ. Ǹjẹ́ mo wúlò? — Ìyá olùkọ́, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ẹ wúlò púpọ̀, mà. Ní ọdún 2019, Google dá ètò Season of Docs sílẹ̀ láti mú àwọn tí ó mọ àlàyé kọ wá sí ọ̀dọ̀ àwọn iṣẹ́ tí kóòdù wọn wà ní gbangba, nítorí pé àwọn tí ń kọ kóòdù pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò kí wọ́n tó ṣàlàyé rẹ̀, tàbí gbólóhùn tí wọ́n ti ní ó rọrùn tí kò sì rọrùn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn: ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, ohun tí ẹ rí. Ẹ má ṣe tọrọ àforíjì pé kò yé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó yẹ kí a túmọ̀ irú ìkànnì yìí sí Yorùbá? — Òǹkàwé kan, Ọjọ́ọ̀.

ÌDÁHÙN: Ó yẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àlàyé Selenium wà ní èdè Ṣáínà, Japan àti Potogí, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló sì pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é, iṣẹ́ tí kì í tán sì ni. Ẹ mú ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi kóòdù àti àṣẹ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé lé ẹ tàbí ọ, fọ́ǹtì tí kò bá sì mọ̀ ọ́n gbé yóò sọ àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ kọ lang="yo" sórí ojú ìwé náà, kí ẹ̀rọ tí ń kàwé fún àwọn tí kò ríran lè mọ èdè tí ó jẹ́. Lókè rẹ̀, ẹ kọ ẹ̀dà irinṣẹ́ tí ẹ túmọ̀ àlàyé rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, pẹ̀lú líǹkì sí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ó bá ń kà á lẹ́yìn ọdún méjì lè mọ èwo ni kí ó gbà gbọ́ bí méjèèjì kò bá bára mu.