Má jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kan iwájú alùpùpù rẹ

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o so sáídìkáà (ọkọ̀ kékeré onítáyà kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù) mọ́ Bajaj rẹ, o fi ń kó búrẹ́dì láti Agége lọ sí Ìpájà, apá sì ń ro ọ́ tó o bá fẹ́ yà. Ṣé kó o ra ọwọ́ alùpùpù tó gùn ni àbí kó o tún iwájú ẹ̀ ṣe. Jọ̀ọ́, gbọ́ tèmi kó o tó ná kọ́bọ̀.

Torí ìyá mi ni mo ṣe so tèmi. Orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè gun ọ̀kadà mọ́. Ọwọ́ alùpùpù náà le bíi pé mò ń ti mọ́tò tó kú. Mẹkáníìkì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ẹnjiníà ní òun á fa fọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹsẹ̀ irin méjì tó di táyà iwájú mú, gùn. Ó fà á, ló bá tún le sí i! Fojú inú fa ìlà gba àárín irin tí ọwọ́ ti ń yí, títí tó fi kanlẹ̀. Ìlà yẹn á kanlẹ̀ níwájú ibi tí táyà ti kanlẹ̀. Àlàfo yẹn ni wọ́n ń pè ní trail, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ọwọ́ á ṣe le tó. Fọ́ọ̀kì tó gùn máa ń gbé iwájú sókè, àlàfo náà á sì fẹ̀ sí i. Ẹnjiníà ò mọ̀yẹn.

Nígbà tí mo fi ìbínú padà lọ, ó gé irin tó di ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú, ó fi irin pẹlẹbẹ kún un, ó jó o pọ̀, ó kùn ún lọ́dà. Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọ̀gá ibẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ rárá, ìwé ló wò, ó lu òǹtẹ̀. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Dópẹ̀mú, ìyá mi wà nínú sáídìkáà, mo gbọ́ “kẹ́” lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo yí ọwọ́, táyà ò tètè tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló ní kí n má sáré. Mo fi èékánná họ ọ̀dà yẹn, mo rí i tó sán, tínrín bí irun, ìpẹtà ti wà nínú ẹ̀. Ó ti ń sán tipẹ́, ọ̀dà ló bò ó. Ìyá mi ń bi mí pé kí ló dé tá a dúró, mi ò lè fèsì.

Tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní Ládípọ̀ ló gbà mí. Kò jó nǹkan kan: odidi irin tó nípọn ló gbẹ́ láti fi di fọ́ọ̀kì mú, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó ti fọ́ọ̀kì síwájú ní milimítà 40. Trail mi kúrò ní milimítà 95, ó bọ́ sí nǹkan bíi 50. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti 1955 títí di 1969 ni BMW fi ń lo fọ́ọ̀kì Earles (irú fọ́ọ̀kì kan tó ní apá tó ń gbé táyà lọ sókè sódò), ó ní ibi méjì tí wọ́n lè ki apá yẹn bọ̀: ọ̀kan fún alùpùpù lásán, èkejì fún ti sáídìkáà.

Títo sáídìkáà ò le: táyà ẹ̀ á kọjú wọlé díẹ̀, alùpùpù á fì sósì díẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fọ́ọ̀kì síwájú, wo wáyà bíréèkì iwájú, ó lè ti kúrú. Yí ọwọ́ dópin lápá méjèèjì kó o wò ó bóyá ó ń fà. Tí trail bá kéré, ọwọ́ á máa gbọ̀n tó o bá ń rọra lọ, torí náà ra steering damper, nǹkan tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Má sì gbé e wọ Ìkẹjà o: láti 1 Oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà níbẹ̀, àwọn tó ń mú èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ pé búrẹ́dì lò ń gbé.

Ọjọ́ tó o bá kọ́kọ́ gbé e jáde, àpò iyanrìn ni kó o kó sínú ẹ̀, má gbé èèyàn. Ìyá mi ò tíì gbà láti wọ tèmi mọ́.