Bóyá Plotter Náà Ní Ojú Ni Kó O Kọ́kọ́ Bi Ẹni Tó Ń Tà Á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo gba fírídọ́ọ̀mù ní 2019, mo sì ti ní ẹ̀rọ large format tó ń tẹ flex (rọ́bà bánà) àti SAV, ìyẹn vinyl (rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Sítíkà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé báyìí: lébẹ́ẹ̀lì ìgò zobo, àmì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, lógò iléèwé. Bíléèdì àti rúlà ni èmi àti ọmọṣẹ́ mi fi ń gé gbogbo rẹ̀, tó bá sì ti jẹ́ iṣẹ́ rìbìtì, kì í dọ́gba. Mo fẹ́ ra plotter tó ń gé sítíkà. Ẹnì kan ní kí n ra èyí tó fẹ̀ tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, ẹlòmíì ní kékeré náà tó. Èwo ni kí n ṣe? — Onísítíkà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kó o tó náwó. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá níbí tí ọgbẹ́ bíléèdì kún gbogbo ìka rẹ̀.

Fi ọ̀rọ̀ ìbú sílẹ̀ ná. Bi ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà bóyá ó ní ojú. Ohun tí mò ń pè ní ojú ni sensor tàbí kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀, tó máa ń wá àwọn àmì dúdú tí a tẹ̀ sí igun iṣẹ́. Tó bá ti rí wọn, ó ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà, ó mọ̀ bóyá ó wọ́, ó mọ̀ bóyá ó gùn díẹ̀ ju ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà lọ, á sì gbé ọ̀bẹ gba ibi tó yẹ. Plotter tí kò ní ojú lè gé vinyl aláwọ̀ kan dáadáa, irú orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìwọ máa ń tẹ̀ kó o tó gé. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan ní iná pupa tí èèyàn á fi ojú ara rẹ̀ gbé ka orí àmì. O lè fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, kò ṣeé fi ṣe ẹgbẹ̀rún kan.

Ní ti ìbú, tó o bá la SAV oní mítà 1.22 sí méjì, sẹ́ntímítà 61 ni ẹyọ kan, á sì wọ plotter oní sẹ́ntímítà 72 wẹ́rẹ́. Tí owó ò bá tó ra èyí tó fẹ̀ tó sì tún ní ojú, ra kékeré tó ní ojú.

Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Fọ́tò JPEG tí kọ́sítọ́mà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ní ìlà kankan tí ọ̀bẹ lè tẹ̀ lé. Ìwọ lo máa fa ìlà gígé sí i nínú CorelDRAW, ní ọ̀tọ̀ sí dìsáìn. Jẹ́ kí àwọ̀ kọjá ìlà yẹn ní mìlímítà 2 yíká, kí funfun má bàa yọ létí. Tí lẹ́tà méjì bá gorí ara wọn, so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ á la àárín wọn kọjá. Tó o bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, má fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀ mọ́.

Má ṣe gbé SAV kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ inú plotter lójú ẹsẹ̀. Solvent, ìyẹn oje tí wọ́n fi po íǹkì, ṣì wà lára rẹ̀, ó ń rọ gọ́ọ̀mù. Tó o bá gé e báyẹn, etí rẹ̀ á máa ká. Tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún wákàtí 24, ó kéré tán, kó o tó fi laminéṣọ̀n bò ó, lẹ́yìn náà kó o gé e. Kọ́sítọ́mà á ní òun ń kánjú. Ka ọjọ́ gígé mọ́ ọjọ́ tó o dá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí laminéṣọ̀n bá ń dán jù tí sensor ò rí àmì, lẹ tépù tí kò dán mọ́ orí àmì náà.

Ọ̀bẹ oní dígíríì 45 ló wà fún SAV; 60 wà fún èyí tó nípọn, irú reflective tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ padà. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, gé igun mẹ́rin kékeré kan sí etí. Fi èékánná ṣí i. Tó bá jáde láìfa èyí tó yí i ká dání, yí ẹ̀yìn bébà wò: ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ lórí bébà kò burú, ṣùgbọ́n tó o bá gbé e sókè tí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ìlà yẹn kọjá, ọ̀bẹ ti wọlé jù, dín agbára rẹ̀ kù. Èmi máa ń ṣe èyí fún róòlù tuntun kọ̀ọ̀kan, kódà tó bá jẹ́ irú kan náà.

Iná ńkọ́? Plotter kì í jẹ iná púpọ̀, àmọ́ tí NEPA bá mú un lọ láàárín iṣẹ́, kò ní rántí ibi tó dé. Fi òun àti kọ̀ǹpútà sórí UPS. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ náà, èyí tó ní ojú á tún ka àmì, wàá mú kó gé ìyókù. Èyí tí kò ní, iṣẹ́ náà ti dìdànù.

Ọmọṣẹ́ rẹ ò ní jókòó lásán. Ọwọ́ èèyàn ló ṣì ń tu àjẹkù kúrò láàárín lẹ́tà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń gé vinyl aṣọ fún nọ́ńbà jẹ́sì, ṣùgbọ́n tí mo bá lọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ tán, orúkọ máa ń kọ ẹ̀yìn sí wa. — Oníjẹ́sì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ yí dìsáìn náà padà bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí kẹ́ ẹ tó rán an sí plotter, kẹ́ ẹ sì fi ojú tó ní nylon dídán kọ ilẹ̀. Ọ̀bẹ ò gbọ́dọ̀ gé nylon yẹn, òun ló máa gbé nọ́ńbà dé orí aṣọ. Ìwọ̀n ooru àti ìṣẹ́jú tó máa lò lábẹ́ heat press wà lára páálí róòlù. Ti ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, èyí tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.