Ta ni "bàbá" inú Babátúndé?

Ẹnìkan bèèrè pé: "Ìgbà ogun Dàhòmì ni wọ́n ní wọ́n bí bàbá tó bí bàbá àgbà mi, l'Abẹ́òkúta. Babátúndé lorúkọ rẹ̀. Ṣé mo lè tibẹ̀ mọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀?"

Ẹ lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn kì í déédéé sọ ọmọ ní Babátúndé. Bàbá àgbà kan ti ní láti kú nínú ilé, kó sì má tíì pẹ́, kí ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé ikú náà tó gba orúkọ yẹn. Bí ẹ bá mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún ikú àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà náà, bàbá ni lẹ́nu Yorùbá, torí náà ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n ní ó padà wá gan-an.

Ogun yẹn ló ta kókó. Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta lóṣù kẹta 1851, wọ́n tún padà lóṣù kẹta 1864. Èmi a máa bi àwọn àgbà pé: "Ṣé àwọn Ìjàyè ti dé nígbà náà?" 1862 ni Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, tí àwọn tó sá àsálà wá tẹ Àgó Ìjàyè dó. Bí wọ́n bá ti dé, 1864 ni.

Ẹni tó ti dàgbà kó tó kú nígbà yẹn kì í ṣe ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, torí nǹkan bí 1830 ni Ẹ̀gbá dó sábẹ́ Olúmọ. Inú igbó Ẹ̀gbá ló ti wá, orúkọ ìlú tó fi sílẹ̀ sì lè jẹ́ orúkọ àdúgbò yín dòní: Ìkijà, Kéésì, Ìtòkú.

Ẹ má kọ́kọ́ lọ bá olórí ẹbí o. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ti gbé wọn dé kóòtù rí, ìtàn tí wọ́n rò fún lọ́yà ni yóò rò fún yín. Ìyàwó ilé tó ti darúgbó ni kẹ́ ẹ wá, ẹni tó ń ki ọmọ ilé bí wọ́n bá kúnlẹ̀ láàárọ̀. Ẹ tan fóònù, ẹ jẹ́ kó kì í débi tó bá parí sí. Ìlú tó bá dárúkọ, ẹ bi í bóyá tọ̀dọ̀ bàbá ni tàbí tọ̀dọ̀ ìyá, torí wọ́n máa ń kì wọ́n pọ̀.

Bí ilé yín bá ti gbàgbọ́ nígbà náà, ẹ wo ìwé ìrìbọmi. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti wà níbẹ̀ láti 1846. Orúkọ ìrìbọmi bíi James tàbí Samuel ni kẹ́ ẹ máa wá. Babátúndé lè má sí níbẹ̀ rárá.