Èsì: Kí ló dé tí Lorentz TEM kò fi skyrmion hàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní MFM (ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ olóòfà yẹ ojú nǹkan wò) fi skyrmion (ìlọ́po òòfà kékeré tó rí róbótó) hàn yín nínú fíìmù Pt/Co/Ta (ìpele tín-ínrín platinum, cobalt àti tantalum), àmọ́ ẹ ò rí nǹkan kan nínú Lorentz TEM (maikirosikóòpù tó ń ta ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú fíìmù kọjá, tí òòfà fíìmù á sì yí ọ̀nà wọn padà). Fíìmù yín kò bàjẹ́ rárá. Ògiri irú Néel ló wà níbẹ̀, ìyẹn etí skyrmion níbi tí òòfà ti ń yí padà, tó sì ń dábùú ògiri náà bó ṣe ń yí. Bí fíìmù bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ni òòfà inú ògiri náà ń ti ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ gba gígùn ògiri fúnra rẹ̀. Kò kó wọn jọ, kò sì tú wọn ká, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí fíìmù náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi dígírì 20 sí 30, kí ẹ sì yí fókọ́ọ̀sì kúrò díẹ̀. Ìdajì skyrmion kọ̀ọ̀kan á mọ́lẹ̀, ìdajì kejì á dúdú. Inú mi máa ń dùn gan-an tó bá yọ báyẹn!

Ní ti MFM, ẹ lo abẹ́rẹ́ tí òòfà rẹ̀ kò lágbára. Èyí tó lágbára lè wọ́ skyrmion kúrò láyè rẹ̀.