Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti káúntì kékeré ní Texas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ò rí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dààmú. Ẹ pe district clerk, ìyẹn akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé kóòtù, ní káúntì (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀) tí wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. County clerk, ìyẹn akọ̀wé káúntì, ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ogún, àmọ́ ní káúntì tí èrò ibẹ̀ ò bá tó 8,000, ẹnì kan lè máa ṣe iṣẹ́ akọ̀wé méjèèjì.

Ẹ má kọ̀wé sí Vital Statistics, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ Texas tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ní Austin o! Lẹ́tà tó jẹ́rìí pé ìkọ̀sílẹ̀ wáyé ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe ìdájọ́ gan-an. Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì bó ṣe wà ní kóòtù àti ọdún ẹjọ́ ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ kóòtù ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ bi wọ́n bóyá mọ́nì ọ́dà ni wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́.